Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́: Lẹ́tà Gbangba sí Akọ̀wé, Ọkọ Mi Kékeré

Akọ̀wé ọkọ mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ máa ní kí n dìde, pé ayé ti lajú, pé Lọ́ńdọ̀nù la wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níbẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, tí mo bá dúró sọ ọ́, wọ́n á ní ìyàwó ilé ń rí ọkọ rẹ̀ fín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà mí lé yín lọ́wọ́ ni mo ti ń pè yín ní Akọ̀wé, nítorí ìwé tí kì í kúrò lábẹ́ abíyá yín. Ká ní mo mọ̀ pé ẹ máa padà di ọ̀gá alásè ni, orúkọ mìíràn ni ǹ bá sọ yín.

Mo gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Ẹ ní lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo ilé máa jẹ yukjeon lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kò le rárá, pé ẹran ni, ẹyin ni, òróró ni, ó parí. Ẹ tún fi àwòrán tì í: ẹran màlúù pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó wọ ẹ̀wù ẹyin, tó pupa rúsúrúsú, tí wọ́n tò sórí atẹ ọparun. Màmá wa rọ̀jò àdúrà lé yín lórí. Ẹ̀gbọ́n yín ní òun ò ní fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀ lọ́jọ́ náà, kí àyè lè wà. Èmi nìkan ni mi ò fèsì, lẹ bá bi mí léèrè níṣojú gbogbo wọn pé kí ló dé tí ìyàwó dákẹ́. Èsì náà rèé. Gbangba lẹ ti bi mí, gbangba ni mo ti ń dáhùn.

Ẹ ò kúkú ní gbàgbé pé ẹ ti dán an wò rí, torí èmi ni mo fọ páànù náà. Ẹran tẹ́ ẹ gé lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá eyín rẹ̀ ṣèpàdé. Ẹ bọ̀ ọ́. Ẹ da táìmù sí i, ẹ da kọ́rì sí i, ẹ fọ́ mágì lé e lórí, ẹ ní ẹran tí kò bá gba èròjà kì í ṣe ẹran. Ẹ wá po fúláwà mọ́ ẹyin títí ó fi ki, ẹ ti ẹran bọ inú rẹ̀, ẹ jù ú sínú òróró tó lè mu ọmọdé dé orúnkún. Ohun tó jáde dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọkọ mi. Mo jẹ, mo tún bù sí i. Ṣùgbọ́n tí ọmọ Kòríà bá kọjá níbẹ̀, kò ní mọ̀ pé oúnjẹ ìlú òun là ń jẹ. Búnsì ẹlẹ́ran lẹ dín.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdílé tó ti wá. Ní Kòríà, ẹja, ẹran tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá rẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun, tí wọ́n rì bọ inú ẹyin, tí wọ́n sì fi òróró díẹ̀ dín lórí páànù, jeon ni wọ́n ń pè é. Agbo ilé náà tóbi. Ẹja ẹlẹ́ran funfun wà níbẹ̀, elégédé tútù tí wọ́n rẹ́ roboto wà níbẹ̀, ewé kkaennip tí wọ́n ká mọ́ ẹran lílọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn ìbátan kan tún wà tí ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ díẹ̀: pajeon alálùbọ́sà eléwé tí àdúgbò Dongnae ní Busan fi lókìkí, àti bindaetteok ẹlẹ́wà lílọ̀ tí wọ́n ń dín nínú ọjà Gwangjang ní Seoul, tí òórùn rẹ̀ á ti mú yín lọ́rùn kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó ń dín in.

Yukjeon ni ti màlúù, òun sì ni olówó láàárín wọn. Láyé ìjọba Joseon, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1392, màlúù kì í ṣe ẹran ọbẹ̀ lásán. Òun ló ń túlẹ̀ oko ìrẹsì, òun ló ń fa ẹrù. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ààfin ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa á láìgba àṣẹ, ẹni tọ́wọ́ bá sì tẹ̀, ó di ẹlẹ́jọ́. (Àwọn ọlọ́lá ṣì ń rí i jẹ. Òfin wo ló ti dí ọ̀fun olówó rí?) Títí dòní, màlúù ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní hanwoo, ẹran rẹ̀ wọ́n gógó, àpótí rẹ̀ sì wà lára ẹ̀bùn tí ènìyàn ń gbé fún ọ̀gá tàbí àna lásìkò ọdún. Lójú tèmi, ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹran yìí tínrín: ẹran díẹ̀, ẹyin díẹ̀, àwo á kún, kò sì sí àlejò tí kò ní kàn. Ẹ̀yin wá ń gé ẹran Iléyá.

Ó yá, ẹ mú gègé yín.

Ibi tó dára jù lára màlúù fún iṣẹ́ yìí ni itan ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀rá ò ti pọ̀, èyí tí àwọn alápatà wọn ń pè ní hongdukkae tàbí udun. Àwọn tó fẹ́ kó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ra ti èjìká. Ẹ má tìtorí adùn lọ ra èyí tó lọ́ràá púpọ̀. Tí ọ̀rá bá ti yọ́ nínú páànù, ẹyin ò ní rí ibi dì mọ́. Ní Kòríà, ẹ kàn máa sọ fún alápatà pé jeon lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì rẹ́ ẹ fún yín ní ìwọ̀n mìlímítà 2 sí 3. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò jìnnà sí New Malden, ibi tí àwọn ará Kòríà fi ṣelé ní Lọ́ńdọ̀nù yìí, ẹ lè rí èyí tí wọ́n ti rẹ́ sílẹ̀ nínú fírísà àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Èyí tí wọ́n kọ bulgogi sí lára ti tínrín jù, á ya mọ́ yín lọ́wọ́ kó tó dé inú ẹyin. Tó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ alápatà wa ní Peckham lẹ fẹ́ lọ, ẹ má jẹ́ kó gbé àáké. Ẹ ra odidi, kẹ́ ẹ gbé e sínú fírísà fún bíi wákàtí kan sí méjì títí á fi le níwọ̀nba, ọ̀bẹ mímú á wá máa rẹ́ ẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Iṣan rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé ní ìdábùú, ẹ má bá iṣan lọ gbọọrọ. Tẹ́ ẹ bá ti rẹ́ ẹ tán, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lù ú díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹnu ọ̀bẹ ṣá a níbi tí ìṣù iṣan funfun bá wà létí rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá ti rí iná báyìí, á ká kò.

Ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ẹ to ẹran náà sórí pépà ìnuwọ́, ẹ fi òmíràn tẹ̀ ẹ́ lórí títí á fi gbẹ. Mo mọ̀ pé ibí yìí lẹ máa fẹ́ fò. Ẹ má fò ó. Omi tó bá kù lára ẹran, ooru ló máa dà nínú páànù, ooru ọ̀hún á sì ti ẹ̀wù ẹyin kúrò lára rẹ̀, á wá dà bíi pé ẹran lọ́tọ̀, ẹyin lọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí, iyọ̀ díẹ̀ àti ata dúdú lílọ̀ díẹ̀. Àwọn kan máa ń kán òróró yànmọ̀tí sí i, àwọn mìíràn a fi aáyù ra á lára. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró. Akọ̀wé, mo bẹ̀ yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró. Ẹ dá táìmù padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un.

Ẹ má sì bọ ẹran náà. Mo ti ń gbọ́ yín látibí: “Ìyàwó, ṣé ẹran tútù lẹ fẹ́ ká jẹ ni?” Ẹran tó tínrín báyìí kò ní lò ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lórí iná tó fi máa jinná. Bíbọ̀ ni tiwa, torí màlúù tó ti ń fẹsẹ̀ rìn láti kékeré kó tó dé ọjà Bódìjà, dídín nìkan kò tó láti fi bá a sọ̀rọ̀ tí á fi gbọ́. Èyí tẹ́ ẹ ń rà níbí, orí koríko ló jókòó sí.

Ìyẹ̀fun àti ẹyin wá ńkọ́? Ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọ́ gan-an nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni àwo ìyẹ̀fun, ọ̀tọ̀ ni àwo ẹyin. Ìyẹ̀fun ló máa fa omi tó bá ṣẹ́kù lára ẹran, òun náà ni ẹyin máa rí dì mú. Iṣẹ́ tó ní kò ju ìyẹn lọ, ẹ má tún fún un ní òmíràn. Ẹ yí ẹran nínú rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kó ku eruku lásán. Fúláwà tẹ́ ẹ ní nílé ti tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan fẹ́ràn ìyẹ̀fun ìrẹsì, irú ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́wọ́, kí ẹran náà lè fà díẹ̀ lẹ́nu. Ẹ po ẹyin pẹ̀lú iyọ̀ fíńfín, ẹ má lù ú tí á fi hó. Ẹni tó bá fẹ́ kó dán a sẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kó pupa rúsúrúsú sí i a fi pupa ẹyin mìíràn kún un. Ọwọ́ kan ni kẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ nínú ìyẹ̀fun, kẹ́ ẹ fi ìkejì ṣiṣẹ́ nínú ẹyin. Ẹni tó bá lo ọwọ́ kan náà fún méjèèjì, ìka ara rẹ̀ ló máa dín jẹ.

Iná ni gbogbo ẹjọ́. Ẹyin kì í fara da iná líle, ẹ̀yin náà kì í fara da dídúró, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Kí iná wà lábẹ́ àárín díẹ̀. Òróró tó bo ojú páànù fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó, irú èyí tí kò ní òórùn tirẹ̀. Tí òróró bá pọ̀, ẹyin á wú, etí rẹ̀ á hu irun, á sì mu òróró yó. Tí iná bá le, ẹyin á pọ́n kí ẹran tó mọ̀ pé òun ti dórí iná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa tì kiri. Tí etí rẹ̀ bá ti dì, tí omi ẹran sì ń yọ lójú rẹ̀ lókè, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe fáàrí, kẹ́ ẹ tó yí i, ẹ lè lẹ ewé ssukgat kan tàbí òrùka ata pupa kan mọ́ ọn lójú nígbà tí ẹyin ṣì rọ̀. Ohun tẹ́ ẹ rí nínú àwòrán tẹ́ ẹ fi yangàn nìyẹn. Apá kejì kì í pẹ́.

Tẹ́ ẹ bá kó ti àkọ́kọ́ jáde, ẹ nu páànù kẹ́ ẹ tó da òróró mìíràn sí i, torí èérún ẹyin tó bá kù síbẹ̀ á jó, á sì dá àpá dúdú sára àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má kó wọn lé ara wọn nígbà tí wọ́n ṣì gbóná. Ìdí tí wọ́n fi ń lo atẹ ọparun nìyẹn, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀wù náà má bàa rin. Asẹ́ gàrí tí Màmá gbé wá láti ilé máa ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, tẹ́ ẹ bá lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí wọ́n ń tì í bọ̀ kò le: sọ́ọ̀sì sóyà, fínígà, omi díẹ̀, ṣúgà tí kò tó nǹkan, bóyá kẹ́ ẹ wọ́n ata gochugaru sí i, ata gígún tí pupa rẹ̀ ju títa rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kó àlùbọ́sà eléwé sí. Wọ́n á gé e wínníwínní, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tútù kí líle rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á wá fi ata náà, fínígà, sóyà àti òróró yànmọ̀tí pò ó. Wọ́n á fi ẹran ká a, ó di ẹnu. Kíkan rẹ̀ ló ń gé òróró lọ́fun, tẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ ò fi mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́. Ata rodo ò sí níbẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, kò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ gún tiyín sínú àwo kékeré, kẹ́ ẹ gbé e síwájú ara yín.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, ìlú Gwangju wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n ti sọ yukjeon di oúnjẹ ilé àrójẹ tó ní òkìkí. Ẹ máa jókòó ni, òṣìṣẹ́ kan á gbé páànù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín, á yí ẹran nínú ìyẹ̀fun níṣojú yín, á rì í bọ ẹyin, á dín in, á sì máa gbé e sínú àwo yín lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde. Kò sí èyí tó máa tutù. Tí mo bá di olówó, irú ìyà tí mo fẹ́ kí ayé máa fi jẹ mí nìyẹn. Ní Jinju, tí òun náà wà ní gúúsù, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbé e gbà: wọ́n á gé yukjeon wínníwínní, wọ́n á kó o lé orí naengmyeon, núdù inú omi ọbẹ̀ tútù tí wọ́n fi àwọn ohun òkun gbígbẹ sè. Ẹ kà á dáadáa: ẹran dídín, lórí ọbẹ̀ tútù. Ẹ má sọ fún Màmá.

Ti òjò tẹ́ ẹ mẹ́nu bà nínú ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, pé ìgbà òjò ni jeon ń dùn, òótọ́ ni. Tí òjò bá ṣú, àwọn ará Kòríà a máa wá jeon kiri, wọ́n á fi makgeolli tì í, ọtí ìrẹsì tó funfun, tó rú, tí wọ́n ń mu nínú abọ́. Àwọn kan ní ìró òjò lórí ilẹ̀ ló ń rán wọn létí ìró òróró nínú páànù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òjò ṣe àwáwí níhìn-ín. Tó bá jẹ́ òjò ló ń pàṣẹ, jeon nìkan là bá máa jẹ ní Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ jù rèé, torí àwọn fíìmù Kòríà tẹ́ ẹ ń wò mọ́jú máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Ọdún ńlá méjì ló ń kó gbogbo ẹbí jọ ní Kòríà: Seollal, tí í ṣe ọjọ́ kìíní ọdún ní kíka òṣùpá, àti Chuseok, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ òṣùpá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ń tẹ́ tábìlì fún àwọn baba ńlá, charye ni wọ́n ń pe ààtò yìí. Jeon oríṣiríṣi wà lára ohun tójú ti mọ̀ lórí tábìlì yẹn, nítorí náà ọjọ́ tó ṣáájú ọdún ni ọjọ́ dídín. Wọ́n á tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n á gbé páànù oníná lé e, àwọn obìnrin á jókòó yí i ká lórí ilẹ̀. Ẹnì kan ń yí nínú ìyẹ̀fun, ẹnì kan ń rì bọ ẹyin, ẹnì kan ń dín, títí òórùn òróró á fi wọ inú irun, títí ẹ̀yìn á fi máa ké.

Ta ni àwọn obìnrin náà? Ìyàwó ilé ni, Akọ̀wé. Baba ńlá tí wọ́n ń dín in fún kì í ṣe tiwọn. Orúkọ ìdílé tí wọ́n ń jẹ́ gan-an kì í ṣe ti ilé náà, torí obìnrin Kòríà kì í fi orúkọ baba rẹ̀ sílẹ̀ tó bá relé ọkọ. Ní pálọ̀, àwọn ọkùnrin ń ta káàdì, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan nínú wọn á sì yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wá jí èyí tó gbóná jẹ. Wọ́n ti fún àárẹ̀ ìgbà ọdún yìí lórúkọ, myeongjeol jeunghugun: ọrùn ọwọ́ dídùn, ẹ̀yìn ríro, inú bíbí tí kò ní ẹni tí a óò sọ ọ́ fún. Gbogbo obìnrin tó ti dín àkàrà níbi òkú àgbà ní ilé ọkọ ló mọ àìsàn náà. Àwa ò kàn tíì sọ ọ́ lórúkọ ni.

Ó wá di ọdún 2022. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí Chuseok kù sí dẹ̀dẹ̀, Sungkyunkwan lanu sọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà àwọn ọmọlẹ́yìn Confucius ni, ní Seoul, láti 1398 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ń wò lórí ọ̀rọ̀ ààtò. Wọ́n ní kí àwọn ẹbí yé da ara wọn láàmú, pé oríṣi oúnjẹ mẹ́sàn-án ti tó lórí tábìlì, pé kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni dín jeon. Wọ́n tọ́ka sí ìwé Kim Jang-saeng, ọ̀mọ̀wé ààtò tó gbé ayé láti 1548 sí 1631, pé òun gan-an ti sọ pé fífi ohun olóròóró ṣe ètò òkú kò bá ìlànà mu.

Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé. Ó ti wà lákọsílẹ̀ láti nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn! Àwọn tó ń kàwé wà ní pálọ̀, àwọn tó ń dín nǹkan wà ní ilé ìdáná, kò sì sí akọ̀wé kan tó gbé ìwé náà kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ má bínú sí mi. Èmi kọ́ ni mo fún wọn lórúkọ.

Jeon ò tìtorí ìyẹn tán nílẹ̀, torí pé ó dùn. Ọ̀pọ̀ ti ń ra èyí tí wọ́n ti dín lọ́jà, àwọn ọkọ mìíràn náà sì ti ń kó ẹsẹ̀ jọ sídìí páànù. Ìdí tí inú mi fi dùn nìyẹn nígbà tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ wọ ilé ìdáná, ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo ní àdéhùn díẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe.

Ẹ̀yin lẹ máa dín in tán. Kì í ṣe pé ẹ dín mẹ́ta, ẹ ya fọ́tò, ẹ wá ní “Ìyàwó, ẹ bá mi wo iná.” Mi ò ní bá yín wo iná. Ẹ mọ iye ẹni tó wà nínú ẹbí yìí, ẹ sì mọ bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ń jẹun; ẹran pẹlẹbẹ kan, ẹnu kan ni. Ẹ jókòó ti páànù náà títí, kẹ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí tí ariwo ẹ̀rín bá ń ti pálọ̀ wá, tẹ́ ẹ ò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bi mí ibi tí iyọ̀ wà. Tí ọmọ kan bá wá jí ọ̀kan jẹ, ẹ má lé e. Ìgbà tí ọwọ́ ọmọdé bá jó nídìí rẹ̀ ni jeon dùn jù.

Ní tèmi, mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ti Gwangju fún mi. Ẹ wá páànù oníná kan, kẹ́ ẹ gbé e sórí tábìlì pálọ̀, níwájú mi. Èmi á jókòó, mo máa ká ẹsẹ̀ kò sórí àga, ẹ̀yin á sì máa gbé e sínú àwo mi lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde, kó máa hó lẹ́bàá etí mi. Tí ìkan bá pọ́n jù, ẹ jẹ ẹ́ fúnra yín.

Èmi ni,
Ìyàwó yín, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mo tún rántí: ẹyin tó wà nínú fíríìjì wa, mo ti kà á. Ẹ ra tiyín wá.